Ẹ Béèrè Ìdílé Róòsì Kẹ́ ẹ Tó Rà Á

Tí mo bá ti gbé fótò róòsì ẹ̀yìnkùlé mi sórí status, kì í pẹ́ tí ìbéèrè fi máa ń dé, èwo ni kí àwọn náà rà, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń sọ ni àwọ̀, ṣé pupa ni àbí pínkì, yẹ́lò ńkọ́. Ẹ gbọ́, àwọ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè. Ìdílé ni. Ìdílé tí róòsì ti jáde ló máa sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa tanná lọ́dún tàbí kò ní yéé tanná títí òtútù á fi dé, òun ló máa sọ bóyá ó máa ta sánsán tàbí ẹ máa gbé imú sí i títí ẹ ò ní gbọ́ òórùn kankan, òun náà ló máa sọ bóyá gbogbo ewé ara ẹ̀ máa rẹ̀ dànù kí oṣù kẹjọ tó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, torí ìtàn àwọn ìdílé yìí dùn, ibì kan sì wà nínú ẹ̀ tó máa ń dùn mí dé ọkàn.

Inú igbó ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà róòsì tó ń dá hù fúnra ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, apá àríwá ayé nìkan sì ni wọ́n wà, Éṣíà ló ní èyí tó pọ̀ jù, Yúróòpù ní, Amẹ́ríkà ní, ní Áfíríkà tiwa náà ó wà lórí àwọn òkè Ethiopia, Rosa abyssinica lorúkọ ẹ̀, òdòdó funfun ló ń yọ. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ìlà agbedeméjì ayé lọ sí gúúsù, kò sí róòsì kankan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, èèyàn ló gbé e lọ. Ó sì ti pẹ́ láyé o! Ní Florissant, ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n rí ewé róòsì tó ti di òkúta, ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ọdún, kò tíì séèyàn kankan láyé nígbà yẹn. Róòsì inú igbó, ewé òdòdó márùn-ún péré ló sábà máa ń ní, á là sílẹ̀ gbagada kí oyin lè rọ́nà wọlé. Àwọn tó kún bámúbámú tẹ́ ẹ̀ ń rí lọ́jà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn fọ́nrán yẹ́lò tó wà láàárín òdòdó yí padà di ewé òdòdó, ẹnì kan rí i, ó wù ú, ó gé ẹ̀ka ẹ̀, ó gbìn ín, ẹlòmíì tún gé tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ ti rí róòsì igbó rí, bóyá ẹ ò kàn fiyè sí i ni. Oṣù kẹfà ló máa ń tanná létí ọ̀nà, láàárín àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn àgbẹ̀ fi ṣọgbà yí oko ká, pínkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun, Rosa canina nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ rọra yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ máa rí ewé tóóró márùn-ún, àwọn ló di òdòdó yẹn mú nígbà tó ṣì jẹ́ ìrudi. Méjì nínú wọn ní irùngbọ̀n lọ́tùn-ún lósì, méjì ò ní rárá, ìkarùn-ún ní irùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì dán. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi ń pa àlọ́, pé ọmọ ìyá márùn-ún ni wọ́n, méjì nírùngbọ̀n, méjì ò ní, ìkarùn-ún ní ààbọ̀. Ìdí ẹ̀ ò ju pé nígbà tí ìrudi ṣì di, àwọn ewé yẹn gorí ara wọn, etí tó bá wà níta ló ń hu irùngbọ̀n, etí tí ẹnì kejì ẹ̀ bá bò mọ́lẹ̀ á dán. Mo máa ń fi han àwọn ọmọdé, wọn kì í gbà mí gbọ́ àfi tí wọ́n bá kà á fúnra wọn.

Kí róòsì Ṣáínà tó dé, àwọn ìdílé tó wà ní Yúróòpù ò ju mélòó kan lọ. Gallica làgbà, ó kúrú, àwọ̀ ẹ̀ pupa tó ń wọ inú àlùkò. Ìlú kan wà ní Faransé tó ń jẹ́ Provins, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbìn ín ṣoògùn láyé àtijọ́, torí tẹ́ ẹ bá sá ewé òdòdó ẹ̀ gbẹ, òórùn ẹ̀ ò ní lọ. Èyí tó ń jẹ́ Rosa Mundi, tó ní ilà funfun àti pupa, ẹ̀ka ara Gallica yìí kan náà ló ṣàdédé yí àwọ̀ padà, títí dòní tẹ́ ẹ bá gbìn ín, ẹ̀ka kan lára ẹ̀ lè padà di pupa lásán. Alba ni funfun gíga tí ewé ẹ̀ dà bí eérú, ó máa ń fara da òjìji. Ilé Lancaster àti ilé York, ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì méjì tó bára wọn jagun, róòsì pupa ni àmì ọ̀kan, róòsì funfun ni ti èkejì, nígbà tí Henry VII ti ẹ̀gbẹ́ Lancaster fẹ́ Elizabeth ọmọ York ní 1486 ni wọ́n so méjèèjì pọ̀. Centifolia ni tàwọn ará Họ́láńdì, orí ẹ̀ wúwo débi pé ó máa ń tẹ̀ kọrọ sílẹ̀, òun lẹ máa ń rí nínú àwọn àwòrán ìkòkò òdòdó àtijọ́.

Damask nìkan ni mi ò lè sáré kọjá, torí òórùn ẹ̀. Òun ni wọ́n ń gbìn ní àfonífojì Kazanlak ní Bùlùgáríà, òun ni wọ́n ń gbìn ní Isparta ní Tọ́kì, òun ni wọ́n ń gbìn ní Qamsar ní Íránì tí wọ́n ń sè di omi róòsì. Oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà ni wọ́n ń já a ní Kazanlak, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, torí tí oòrùn bá ti ràn sí i, òróró tó wà lára ẹ̀ á máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n á kó o sínú agbada ńlá pẹ̀lú omi, wọ́n á dáná sí i, ooru ẹ̀ á gba inú páìpù tútù kọjá, á di omi, òróró á sì léfòó sórí omi yẹn. Kìlò òróró kan ṣoṣo, ewé òdòdó tí wọ́n máa lò á tó kìlò 3,000 sí 5,000, ẹ bá mi ro iye ọwọ́ tó máa já ìyẹn lówùúrọ̀. Ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja wa, omi róòsì tí wọ́n máa ń dà mọ́ omi Zamzam láti fi fọ Kaaba, róòsì Taif ni, Damask náà ni. Ní ọdún 2000 àwọn onísáyẹ́ǹsì yẹ DNA Damask wò, wọ́n rí i pé róòsì mẹ́ta ló bí i: Gallica, èyí tí wọ́n ń pè ní róòsì musk, àti Rosa fedtschenkoana tó ń hù láàárín gbùngbùn Éṣíà.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ìdílé tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Wọ́n á tanná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì di igbó ẹlẹ́gùn-ún títí ọdún á fi yí po. Autumn Damask, irú Damask kan, nìkan ló máa ń gbìyànjú díẹ̀ sí i nígbà ìwọ́wé.

Àwọn ará Ṣáínà ló yí ìyẹn padà. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ológbà Ṣáínà ti ní róòsì tó ń tanná, tó ń sinmi díẹ̀, tó tún ń tanná. Nínú jíìnì igi, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń pinnu bó ṣe máa rí, ohun kan wà tó dà bí ìjánu, tó máa ń sọ fún igi pé ó tó, dáwọ́ òdòdó dúró, máa ga. Lára róòsì Ṣáínà, ìjánu yẹn ti já, nǹkan míì ti já wọ àárín jíìnì yẹn, ẹ̀ka tuntun tó bá sì ti yọ, òdòdó ló máa parí sí. Kì í ṣe pé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá irú ẹ̀, àwọn èèyàn kan ló rí i, tí wọ́n mọyì ẹ̀, tí wọ́n ń gé ẹ̀ka ẹ̀ gbìn láti ìran dé ìran. Mẹ́rin nínú wọn ló dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Slater's Crimson China ní 1792, Parsons' Pink China ní 1793, Hume's Blush ní 1809, Parks' Yellow ní 1824. Ọgbà tí wọ́n ti ń ta igi ní Canton, tí wọ́n ń pè ní Fa Tee, làwọn oníṣòwò òyìnbó ti máa ń ra igi kó sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn. Ẹ wo àwọn orúkọ yẹn dáadáa o, Slater, Parsons, Hume, Parks, orúkọ àwọn tó gbà á tàbí tó gbé e wọ̀lú ni, kò sí orúkọ ẹnì kankan lára àwọn tó tọ́jú ẹ̀ láti ọdúnmọ́dún. Ìyẹn máa ń ká mi lára. Parsons' Pink yẹn tí wọ́n wá ń pè ní Old Blush lónìí, Yue Yue Fen ni wọ́n ń pè é nílé.

Gbogbo róòsì tó ń tanná léraléra tẹ́ ẹ rí lónìí, yálà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, yálà níwájú ilé aládùúgbò yín, ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣàì sí lára ẹ̀. Wọ́n tún mú pupa gidi wá, èyí tí kì í ṣá, wọ́n mú ìrudi gígùn tó ń yí ká sókè wá, wọ́n mú òórùn tíì wá. Ohun tí wọn ò mú wá ni agbára láti fara da òtútù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Níbi tí wọ́n ti pàdé àwọn ìdílé Yúróòpù gan-an, kì í ṣe ààfin ọba kankan. Erékùṣù kan wà nínú òkun Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Île Bourbon, Réunion ló ń jẹ́ báyìí. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi róòsì ṣọgbà yí ilẹ̀ wọn ká, Old Blush ní ìlà kan, Autumn Damask ní ìlà kejì, àwọn oyin bá ń ti orí èyí bọ́ sórí tọ̀hún, kò pẹ́ tí igi kan fi hù tí kò jọ bàbá kò jọ ìyá. Ọkùnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Bréon, tó dé síbẹ̀ ní 1817 láti wá tọ́jú ọgbà ìjọba, ló kó irúgbìn ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ibẹ̀ ni ìdílé Bourbon ti bẹ̀rẹ̀. Zéphirine Drouhin tó jáde ní 1868, tí ẹ̀gún ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára ẹ̀, Bourbon ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ wò ó wò.

Ibi tí mo sọ pé ó máa ń dùn mí rèé. Charleston, South Carolina, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. John Champneys jẹ́ olówó tó ní oko ìrẹsì, ẹ̀yin náà sì mọ àwọn tó ń wọ inú ẹrọ̀fọ̀ ìrẹsì Carolina nígbà yẹn, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà àtàwọn ọmọ wọn ni. Nínú ọgbà Champneys, Old Blush àti róòsì musk bí ọmọ, ọmọ yẹn ń gùn òkè, ó ń yọ òdòdó pínkì ní ṣùù ṣùù. Philippe Noisette, ọmọ Faransé kan tó mọ̀ nípa igi, tó ń gbé nítòsí ẹ̀, gbin irúgbìn róòsì yìí, ó sì fi èyí tó hù ránṣẹ́ sí Louis ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ tó ń ta igi ní Paris. Orúkọ ìdílé yẹn di Noisette káàkiri ayé.

Noisette ò dá wá sí Charleston o. Saint-Domingue ló ti wá, ìyẹn Háítì òní, nígbà tí àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde gba òmìnira wọn, Celestine ìyàwó ẹ̀ sì bá a wá, obìnrin dúdú ni. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ báyìí, òfin South Carolina ò ka ìgbéyàwó wọn sí nǹkan kan, lójú òfin Celestine ti di ẹrú ọkọ ẹ̀, gbogbo ọmọ tó bí fún un sì di ẹrú bàbá tó bí wọn. Ó di 1820 wọ́n tún ṣòfin pé kò sẹ́ni tó lè dá ẹrú ẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yìí ń wá bí aya àtọmọ ẹ̀ ṣe máa dòmìnira títí tó fi kú ní 1835. Inú ilé yẹn ni róòsì tí àwọn ọlọ́lá Paris ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ti jáde. Tẹ́ ẹ bá ṣí kátálọ́ọ̀gì róòsì lónìí, Noisette wà níbẹ̀ gàdàgbà, Celestine ò sí níbì kankan. Mo ti pinnu pé tí mo bá ti ń fi Noisette tèmi han èèyàn, orúkọ obìnrin yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dá.

Àwọn tó kù ẹ jẹ́ kí n yára. Joséphine ìyàwó Napoléon kó róòsì jọ sí ilé ẹ̀ ní Malmaison, owó ò ká a lára, ìyẹn ló jẹ́ kí róòsì di nǹkan tí gbogbo olówó Faransé ń wá. Ní 1867 Guillot ní Lyon gbé La France jáde, òun ni wọ́n kà sí àkọ́bí Hybrid Tea, ìdílé tí òdòdó kan ṣoṣo ń dúró lórí igi gígùn, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ róòsì fi pààlà: ìdílé tó bá ti wà ṣáájú ẹ̀, àtijọ́, èyí tó bá wá lẹ́yìn ẹ̀, ìgbàlódé. Yẹ́lò tó tàn yòò ò sí nínú wọn títí Pernet-Ducher fi gbé Soleil d'Or jáde ní 1900, ẹ̀jẹ̀ róòsì Páṣíà kan ló fi rí yẹ́lò yẹn, Rosa foetida. Àmọ́ Rosa foetida ò mú yẹ́lò nìkan wá. Àrùn tó máa ń fi àmì dúdú sí ewé, tí ewé á pọ́n yẹ́lò, tí gbogbo ẹ̀ á wọ́ dànù, ara ẹ̀ ò lè gbà á rárá, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àtọmọọmọ ẹ̀ ló sì jogún àìlera yẹn. Ìdí nìyẹn tí ewé Hybrid Tea yẹ́lò ṣe máa ń wọ́ dànù lọ́dọọdún, ẹ má bínú sí oògùn, ẹ̀jẹ̀ ni.

Róòsì kan wà tí mi ò lè fò, Peace lorúkọ ẹ̀. Francis Meilland ló mú un jáde ní Faransé, ó ti fi ẹ̀ka ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun kí àwọn Jámánì tó gba ìlú wọn, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún un lórúkọ ní Califọ́níà, 29 oṣù kẹrin 1945, ogun ti ń parí lọ ní Berlin. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó wá dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní San Francisco rí Peace kọ̀ọ̀kan gbà. Ewé dídán, òdòdó yẹ́lò tí etí ẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó lágbára gan-an, àwọn tó sì wá láti ara ẹ̀ ò lóǹkà.

Ìbéèrè tí àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí náà rèé: kí ló dé tí róòsì Valentine kì í lóòórùn mọ́? Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ẹ̀bá adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti gbìn ín, àbí Ethiopia, wọ́n á já a, wọ́n á gbé e sí yàrá tútù, bàálù á gbé e lọ, púpọ̀ ẹ̀ á gba ọjà Aalsmeer ní Họ́láńdì kọjá. Èyí tí igi ẹ̀ gùn, tí ewé òdòdó ẹ̀ le, tó lè dúró nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀, òun ni wọ́n ń yàn, kò sẹ́ni tó ń yan òórùn mọ́. Ní 2015 àwọn onísáyẹ́ǹsì Faransé fi Papa Meilland tó ń ta sánsán wé Rouge Meilland tí kì í rùn, wọ́n rí jíìnì kan báyìí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an lára èkíní, lára èkejì ńṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òórùn àti òdòdó léraléra pọ̀, ẹ wo àwọn tí David Austin mú jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látìgbà Constance Spry ní 1961, ó mú àwọn ìdílé àtijọ́ pọ̀ mọ́ tìgbàlódé. Constance Spry fúnra ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni o, Graham Thomas ti 1983 ló ń tanná léraléra, yẹ́lò ni.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, tí róòsì pínkì tàbí yẹ́lò yín bá ṣàdédé di pupa tó ṣókùnkùn, àjẹ́ kọ́ o. Wọ́n lọ́ ẹ̀ka èyí tẹ́ ẹ rà mọ́ gbòǹgbò róòsì míì ni, Dr. Huey ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀, tí òtútù bá ti pa ẹ̀ka òkè, gbòǹgbò á dìde, á máa yọ òdòdó tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fótò Hybrid Tea ilẹ̀ òtútù gba owó yín. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Ṣáínà, òtútù ni wọn ò fẹ́, ooru ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. China, Tea (àwọn róòsì Ṣáínà tó ní òórùn tíì) àti Noisette, àwọn ló ń gbèrú ní Charleston àti Bermuda níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti mú, àwọn ni mo máa wá tó bá ṣe èmi ni. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní Old Blush, ẹ má rà á, ẹ tọrọ ẹ̀ka. Ẹ gé èyí tó ki tó pẹ́ńsùlù, kó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó jẹ́ èyí tí òdòdó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ já ewé ẹ̀ kó ku méjì lókè, ẹ ki ìdajì ẹ̀ bọ iyẹ̀pẹ̀ tó ní yanrìn, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní ràn án ní tààràtà, kí ilẹ̀ ẹ̀ máa tutù díẹ̀ ṣùgbọ́n kó má rin gbindin. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ máa rí i tó ń yọ ewé pupa kéékèèké, ẹ má tíì fà á wò o, gbòǹgbò ẹ̀ ò tíì le.